Áńtẹ́nà wo ni kí n rà láti wo Freeview ní Peckham?

Ẹ ní àjà kẹta lẹ ń gbé ní Peckham, ní London, ẹ sì fẹ́ wo Freeview, ìyẹn àwọn ìkànnì tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń fi áńtẹ́nà gbà ní UK, láìsan owó oṣooṣù. Áńtẹ́nà kékeré ti inú ilé tó ń gba UHF, ìyẹn irú ìgbì tí Freeview ń lò, lè tó yín, torí òpó Crystal Palace tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 6 lọ sí yín. Ẹ má ra èyí tó ní búsítà, ìyẹn ohun tó ń fi kún agbára ìgbì: bí ẹ bá tún ti ìgbì tó ti lágbára tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn, ṣe ni àwòrán á máa já. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí gúúsù, kí àwọn ọ̀pá rẹ̀ sùn gbalaja, kí wọ́n má dúró ṣánṣán, torí bí ìgbì òpó yẹn ṣe ń wá nìyẹn.

Ẹ má torí pé wọ́n kọ “digital” tàbí “4K” sára páálí san owó gọbọi. Ìgbì kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ gan-an, ẹ wo ara ògiri: ọ̀pọ̀ fúláàtì ló ti ní ihò áńtẹ́nà àjùmọ̀lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba TV licence, ìyẹn ìwé àṣẹ láti wo tẹlifíṣọ̀n o, òfin ni.