Báwo ni mo ṣe lè lo Buscopan fún inú tó ń lọ́ mi láìséwu?
Ẹ béèrè láti Ògbómọ̀ṣọ́ nípa Buscopan tí dókítà kọ fún yín nítorí ìfun tó máa ń fún pọ̀ tí inú sì ń lọ́ yín lemọ́lemọ́. Oògùn náà ń dẹ iṣan ìfun ni, kì í wo àìsàn náà tán. Hóró kan jẹ́ mílígíráàmù 10. Àgbàlagbà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú hóró kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ṣùgbọ́n iye tí dókítà kọ ni kí ẹ tẹ̀lé, kí ẹ fi omi gbé e mì lódindi, bí ẹ bá sì gbàgbé ọ̀kan, ẹ má lo méjì pọ̀.

Èyí tó ṣe kókó jù ni kí dókítà mọ̀ bí ẹ bá ní gíláúkómà (àìsàn ojú tí agbára omi inú ẹyinjú sábà máa ń ga jù), bí ìtọ̀ bá ń ṣòro fún yín láti tọ̀, tàbí bí ọkàn yín bá máa ń yára lù ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí oògùn yìí lè mú un le sí i. Ó lè mú ẹnu gbẹ, Piriton tí a ń lò fún ara yíyún sì lè dá kún un. Bí ẹ bá ń mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà. Bí ojú bá pọ́n tó sì ń dùn yín gan-an, tàbí tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn.