Ṣé òfin àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè ìjọba?

Rárá, àṣẹ ààrẹ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òfin tí ilé aṣòfin ṣe. Donald Trump fọwọ́ sí àṣẹ náà ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, ọdún 2025. Ó fagi lé àṣẹ tí Bill Clinton pa ní ọdún 2000 nípa ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí iléeṣẹ́ ìjọba kankan dẹ́kun lílo èdè mìíràn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í gbọ́ nìyẹn. Ààrẹ mìíràn sì lè wọ́gi lé e.

Ní ọdún 1996, ilé aṣojú-ṣòfin buwọ́ lu irú àbá òfin bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò kọjá ní ilé aṣòfin àgbà. Ìpínlẹ̀ tó lé ní 30 ti ṣe tiwọn. Ní Hawaii, Gẹ̀ẹ́sì àti èdè ìbílẹ̀ ibẹ̀ ló jọ wà nípò náà.