Ọmọ ẹja àrọ̀ tí kì í rí ọjọ́ kẹta: ẹ wo pH omi yín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ará Ọ̀yọ́. Ẹ ní eyin ẹja àrọ̀ yín ń pa dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kì í rí ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ ìyá wọn ò ṣàìsàn nínú omi bóòhóòlù kan náà. Ẹ wá ń bèèrè bóyá ọ̀rọ̀ omi òkun tó ń kan yẹn kàn yín.

Ó kàn yín. CO2, afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, ló ń fà á lọ́hùn-ún, òun ló sì sábà máa ń fà á nínú bóòhóòlù. pH ni nọ́ńbà tó ń sọ bí omi ṣe kan tó: bó bá ṣe ń wálẹ̀ ni omi ṣe ń kan sí i. Ti ojú òkun ti kúrò ní nǹkan bí 8.2 bọ́ sí 8.1. Ó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan, àmọ́ odindi nọ́ńbà kan lórí pH, ìlọ́po 10 ni. Omi bóòhóòlù ẹlòmíràn á sì wà ní 5.8!

Ẹja àgbà ní ẹ̀yà tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ibẹ̀ ló ti ń lé CO2 jáde tó ń tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò tíì ní in, awọ ara ló fi ń mí. Oúnjẹ inú àpò abẹ́ ikùn tó yẹ kó fi dàgbà, omi kíkan ló ń fi bá jà.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ gbe omi lẹ́nu páìpù, ẹ wọn pH lójú ẹsẹ̀. Ẹ bu òmíràn sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ máa hó o fún wákàtí 24, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bó bá gòkè dé bíi 7, CO2 ni. Ẹ máa hó omi mọ́jú kí ẹ tó tẹ́ eyin sí i, ó parí. Bí kò bá gòkè, tàbí tó gòkè tó tún ń já wálẹ̀ lẹ́yìn tí eyin wọ̀ ọ́, omi yẹn ò lágbára láti gba kíkan mọ́ra. Omi inú àpáta líle tiwa sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, omi òjò tilẹ̀ burú jù ú lọ.

Béékìn sódà ló kàn: gíráàmù 50 sí lítà 1,000 á fi kún agbára yẹn. Ẹ pò ó mọ́ omi lásán, ẹ dà á káàkiri nígbà tí afẹ́fẹ́ ń hó, ẹ dúró fún wákàtí kan kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Bó bá ti wà láàárín 6.5 sí 8, ẹ fi sílẹ̀, ẹ má lé nọ́ńbà.

Sódà ò ní kálísíọ́ọ̀mù, eyin sì nílò rẹ̀ kí awọ rẹ̀ lè le. Ẹ fọ ìkarahun ìgbín, ẹ sá a, ẹ rún un, ẹ dì í sínú nẹ́ẹ̀tì síbi tí omi ń gbà wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ ò yá, ṣùgbọ́n kì í dá wàhálà sílẹ̀. Láìmù ìkungiri ni kí ẹ jìnnà sí: pH lè fò kọjá 10, gbogbo eyin á sì funfun báláú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pa ìyókù ni pé eyin tó bàjẹ́ ti ń rà nísàlẹ̀ táǹkì, wọ́n wá da sódà lé e. Amóníà tó ń jáde lára eyin tó ń rà yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ lóró nígbà tí omi kan. Bí pH ṣe ń gòkè ló ń di májèlé. Ẹ fa ìdọ̀tí jáde, ẹ pààrọ̀ omi, kí ẹ tó fọwọ́ kan sódà.

Bí omi tí ẹ hó mọ́jú bá sì pọ́n bí ìpẹtà, irin wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó silẹ̀, ẹ sẹ́ ojú rẹ̀ lò, torí ó máa ń lẹ̀ mọ́ eyin, kò sì ní jẹ́ kó mí.