Físà Nepal ni kó o kọ́kọ́ wá, àbúrò

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ dáadáa. O ní ìwọ àti ẹgbẹ́ yín ní Manchester ń lọ sí Bodh Gaya ní Íńdíà fún Kagyu Monlam, àdúrà ọdọọdún àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ìran Kagyu ti Tibet, pé láti ibẹ̀ ẹ máa lọ sí Lumbini ní Nepal níbi tí wọ́n bí Búdà, o sì fẹ́ mọ ohun tó yẹ kó o gbé fún àwọn làmá, ìyẹn àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn wọn, àti ohun tó o lè ṣe fún olùkọ́ yín tó ti papò dà. Màá dé ibẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan tó o sọ gba ẹ̀yìn ló ká mi lára: páálí Nàìjíríà lo ṣì ń lò.

Gbọ́ mi o. Àwọn òyìnbó inú ẹgbẹ́ yín á máa sọ pé ẹnubodè ni wọ́n ti ń gba físà Nepal. Òótọ́ ni, tiwọn ni wọ́n ń sọ. Wọ́n á san 30 dọ́là fún ọjọ́ 15 tàbí 50 fún ọjọ́ 30, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pásípọ́ọ̀tù wọn, wọ́n á máa lọ. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀ tí Nepal yọ sílẹ̀ nínú ètò yẹn, àwa àti Gánà àti Kamẹrúùnù àti Sòmálíà àti àwọn mélòó kan. Ẹ́ḿbásì ni àwa ti gbọ́dọ̀ gbà á kí á tó gbéra. Aṣojú ìrìn àjò tó kó wa lọ nígbà tèmi mọ irú pásípọ́ọ̀tù tó wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ̀, síbẹ̀ ó ní ẹnubodè ni gbogbo wa ti máa gbà á.

Kushinagar la ti gbéra lọ́jọ́ náà, ìlú tí Búdà kú sí, tí ère rẹ̀ tó gùn tó mítà 6 dùbúlẹ̀ sí. Nígbà tó yá la dé Sunauli, ẹnubodè Íńdíà àti Nepal. Àárín ọjà ni ẹnubodè yẹn wà: tírélà tò láti ibí dé ọ̀hún, eruku, fèrè ọkọ̀, àwọn ará Íńdíà àti ará Nepal ń rìn kọjá tẹ́nikẹ́ni ò bi wọ́n ní nǹkan kan, torí ibodè náà ṣí sílẹ̀ fún wọn. Àwa àlejò nìkan ló ń wá ọ́fíìsì kékeré kan kiri láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù. Íńdíà lu òǹtẹ̀ ìjáde sí pásípọ́ọ̀tù mi, mo fẹsẹ̀ rìn wọ Belahiya, tó jẹ́ apá Nepal. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ṣí pásípọ́ọ̀tù mi, ó pa á dé, ó tún un ṣí, ó pe ẹnì kejì. Wọ́n ní rárá. Mo fi ìwé ìgbélùú UK hàn wọ́n, wọn ò tiẹ̀ wò ó. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti wà nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń jẹ bisikí.

Mo padà sí Íńdíà. Íńdíà ní ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ni físà mi, mo sì ti lò ó tán nígbà tí mo jáde. Ìjáde tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mélòó kan lọ! Mo wà láàárín orílẹ̀-èdè méjì, kò sí èyí tó gbà mí. Wọ́n wá tú àpótí mi síta. Wọ́n gbóòórùn tùràrí tí mo rà, wọ́n ń fi ìka tẹ ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà mi wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bi mí léraléra pé kí ni ọmọ Nàìjíríà ń wá lọ́dọ̀ Búdà. Ọ̀gá tó lè pàṣẹ ò sí níbẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ ń mu tíì. Mo pe aṣojú wa, ó ní kò sí wàhálà, ó pa fóònù. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí ọ̀gá náà tó dé, tó fagi lé òǹtẹ̀ ìjáde yẹn, tó ní kí n máa lọ. Bí Lumbini ṣe bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn. Gorakhpur, ìlú kan ní Íńdíà, ni mo sùn, owó ara mi ni mo fi wọ mọ́tò, òun náà ni mo fi gba yàrá.

Torí náà, físà Nepal láti ẹ́ḿbásì wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, kó wà nínú pásípọ́ọ̀tù kó o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ti Íńdíà, ìwọlé méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kó o béèrè, kó o sì ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i kó o tó kúrò níwájú wọn. Kí àwọn tó gba físà Íńdíà orí íntánẹ́ẹ̀tì náà má sùn o: kì í ṣe gbogbo ẹnubodè orí ilẹ̀ ni wọ́n lè fi í gbà wọlé. Àwọn tó ṣeé gbà wà lórí ìkànnì ìjọba Íńdíà, kí wọ́n fojú ara wọn wò ó. Fọ́ọ̀mù àti fọ́tò ò le, wàá ṣe é.

Tó o bá sì ní o fẹ́ ya Èkó wo àwọn ará ilé kó o tó kọjá sí Íńdíà, má gbàgbé yẹ́lò káàdì. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà dé láàárín ọjọ́ 6 tí kò ní in lọ́wọ́, wọ́n lè yà á sọ́tọ̀. Ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, má lọ gbà á ní àná ìrìn àjò.

Ní Bodh Gaya, má gbé fóònù lọ sí ọgbà Mahabodhi, tẹ́ńpìlì ńlá ibẹ̀. Látìgbà tí bọ́ǹbù ti bú níbẹ̀ ní 2013 ni wọn ò ti gbà á mọ́. Wọ́n á bá ẹ tọ́jú ẹ̀ níta. Má já ewé igi Bodhi, igi tí Búdà ti rí òye lábẹ́ rẹ̀, èyí tó bá já bọ́ ni kó o ṣà. Ẹni tó wọ aṣọ mọ́ńkì tó ń tọrọ owó létí gèètì, kọjá lára ẹ̀. Dúnàádúrà kó o tó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Ẹ̀bùn tó o béèrè: kháta, aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, wọ́n ń tà á káàkiri níbẹ̀, má wulẹ̀ rù ú láti Manchester. Kó owó tí kò rún sínú àpòòwé, fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, tẹrí ba. Tí làmá bá fi kháta náà kọ́ ọ lọ́rùn padà, ìbùkún ni, kò kọ̀ ọ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iye owó dẹ́rù bà ẹ́. Marpa, baba ńlá ìran Kagyu ní Tibet, kó wúrà láti ibẹ̀ lọ fún Naropa, olùkọ́ rẹ̀ ní Íńdíà, wọ́n ní inú igbó ni Naropa fọ́n ọn dànù sí. (Marpa yẹn náà gba Nepal kọjá, ó jókòó síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kí ara rẹ̀ lè mọ́ ooru. Kò sẹ́ni tó bi í ní físà.) Ìforíbalẹ̀ wọn, gbalaja ni, bí ọkùnrin ilé wa ṣe ń dọ̀bálẹ̀, obìnrin náà ò sì yàtọ̀. Má lọ kúnlẹ̀ kó o ní o ti ṣe é tán.

Olùkọ́ yín tó papò dà: àwọn tó ń ṣètò Monlam máa ń gba orúkọ òkú àti alààyè fún àdúrà, tètè fún wọn ní tiẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé àwọn olùkọ́ ìran Kagyu lo fẹ́ bọlá fún, ní tèmi, Nalanda, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ẹlẹ́sìn Búdà àtijọ́ ní Íńdíà, tó Lumbini ó jù ú lọ. Ibẹ̀ ni Naropa ti jẹ́ ọ̀mọ̀wé ńlá kó tó fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ wá Tilopa, olùkọ́ rẹ̀, lọ. Mọ́tò á gbé ẹ débẹ̀ láti Bodh Gaya, ẹ̀ẹ́ gba Rajgir kọjá, kò sì sí ibodè kankan lójú ọ̀nà.

Bí Lumbini bá ṣì wà nínú ètò yín, bi aṣojú yín lónìí, kó sì fi ímeèlì dá ẹ lóhùn: tí Nepal bá dá ọmọ Nàìjíríà padà ní Sunauli, ta ló máa san mọ́tò àti yàrá?