Irinṣẹ́ Inú Àpótí Bàbá Mi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Mẹkáníìkì ni bàbá mi ní Oǹdó kí wọ́n tó dolóògbé. Irinṣẹ́ mẹ́rin wà nínú àpótí wọn tí n kò mọ̀. Ọ̀kan dà bíi pílásì, àmọ́ ìwọ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀ kan, ẹnu kejì sì mú ṣóńṣó. Ìkejì jẹ́ irin pẹlẹbẹ tó tẹ̀ lórí méjèèjì. Ìkẹta léèkù igi bíi súkúrúdiráfà, àmọ́ ife kékeré ló wà lórí rẹ̀. Ìkẹrin lẹ́sẹ̀ mẹ́ta, òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lára ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Oníirin kọ́ńdẹ́ǹmù ti ń dá mi láàmú. Ṣé kí n tà wọ́n? – Ọmọ Mẹkáníìkì.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o ṣeun tí o kọ́kọ́ béèrè. Irinṣẹ́ bíréèkì onídúróòmù ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Dúróòmù ni irin bí ìkòkò tó ń bá táyà yí; súù ni irin méjì inú rẹ̀ tó ń tẹ̀ mọ́ ọn lára kí ọkọ̀ lè dúró.

Sípíríǹgì tó ń fa súù méjèèjì padà le bí ojú ẹkùn. Ìwọ̀ pílásì yẹn ló ń gbá a mú, ẹnu ṣóńṣó á tẹ ara súù, tí o bá ti fún èèkù, sípíríǹgì á nà. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ l'Ákùúrẹ́, súkúrúdiráfà lèmi fi ń yọ ọ́, mo ní ojú mi ti là. Lọ́jọ́ kan, nídìí Volkswagen Ìjàpá kan tó ń lọ sí Ìdànrè, ó já mọ́ mi lọ́wọ́, ó ya mí lókè ojú ọ̀tún. Ọ̀gá mi ò bá mi wí. Wọ́n kàn na irú pílásì bàbá rẹ sí mi.

Èyí tó tẹ̀ yẹn, ṣíbí là ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ihò kékeré kan wà lẹ́yìn dúróòmù tí wọ́n fi rọ́bà dí. Ibẹ̀ ni ṣíbí ń gbà wọlé láti yí jíà eléyín tó ń sún súù mọ́ dúróòmù. Wàá yí i títí táyà ò fi ní yí mọ́, kí o wá dá a padà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yí geere.

Ife ni wọ́n fi ń tẹ sípíríǹgì kékeré tó de súù mọ́lẹ̀: tẹ̀ ẹ́, yí i díẹ̀, orí píìnì á bá ojú ihò, ó já nìyẹn. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wà fún dídán inú sìlíńdà bíréèkì. Ìyẹn ò wù mí. Sìlíńdà tó bá ti jẹ, tuntun ni kí wọ́n rà.

Má tà wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré òde òní ṣì ń lo dúróòmù lẹ́yìn, ọ̀dọ́ mẹkáníìkì á fi ayọ̀ gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n má ṣe fẹnu fẹ́ eruku inú àpótí náà o! Láínì àtijọ́, ìyẹn ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú súù, ní asbestos, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Fi àkísà tútù nù ún, kí o tó fi kẹrosíìnì fọ ìpẹtà.

Tí ẹni tó máa gba pílásì yẹn bá wọ́n, fi ránṣẹ́ sí mi. Àpá ojú mi á dá a mọ̀.