Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ yin Màmá nígbà Mísà, Fadá ò gbà

“Àǹtí, Màmá wa jáde láyé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kọ ọ̀rọ̀ ìyìn ojú ìwé mẹ́rin tó fẹ́ kà láàárín Mísà ìsìnkú, Fadá ní kò sí àyè fún un. Inú ń bí i gan-an. Èmi ni wọ́n ní kí n yan ibi tí a máa kà nínú Bíbélì, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọdún 10 tí mo ti gba Kòmúníọ̀n kẹ́yìn. Ṣé ọwọ́ mi mọ́ tó?” – Àbígbẹ̀yìn Màmá

Àbúrò mi, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ni màá kọ́kọ́ mú, torí òun ló lè da ilé rú. Fadá ò ṣìkà. Ìlànà Mísà fúnra rẹ̀ ló sọ pé ìwàásù kúkurú ni kó wà níbi Mísà òkú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyìn. Àdúrà là ń gbà fún olóògbé níbẹ̀. Bí a bá ka gbogbo iṣẹ́ rere Màmá títí tó fi dà bíi pé wọ́n ti gúnlẹ̀ sọ́run, ta ló tún máa rántí bẹ Ọlọ́run pé kó dárí jì wọ́n? Nínú ìwé Mákábéù Kejì, tó wà nínú Bíbélì àwa Kátólíìkì, orí 12, Júdásì Mákábéù, olórí ogun àwọn Júù, ní kí wọ́n rúbọ fún àwọn jagunjagun rẹ̀ tó kú, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ìyá rere náà nílò àdúrà. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni láti gbọ́.

Ṣùgbọ́n ojú ìwé mẹ́rin yẹn ní àyè tirẹ̀: alẹ́ àìsùn tó ṣáájú Mísà. Níbẹ̀, ẹ lè sọ gbogbo ohun tó wà nínú yín, kí ẹ sunkún, kí ẹ rẹ́rìn-ín. Bó bá ṣì wù ú láti sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ bi Fadá bóyá ó lè sọ gbólóhùn díẹ̀ lẹ́yìn àdúrà tó tẹ̀lé Kòmúníọ̀n, kí wọ́n tó dágbére fún òkú. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó.

Ní ti kíkà: ọ̀kan láti inú Májẹ̀mú Láéláé, Sáàmù, ọ̀kan láti inú Májẹ̀mú Tuntun, lẹ́yìn náà Ìhìnrere. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mú Ìwé Ọgbọ́n orí 3, níbi tó ti sọ pé ọwọ́ Ọlọ́run ni ọkàn àwọn olódodo wà. Èmi fẹ́ràn Jòhánù orí 11, torí Màtá ò fi tinú rẹ̀ pamọ́ fún Jésù: ká ní o wà níhìn-ín ni, arákùnrin mi ì bá má kú. Bó bá jẹ́ bó ṣe ń ṣe ìwọ náà nìyẹn, mú un.

Kí ẹ tó tẹ káàdì ìpè, ẹ bi Fadá nípa ọjọ́ o. Wọn kì í ṣe Mísà òkú láti Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ títí di ọjọ́ Àjíǹde, tàbí lọ́jọ́ Àìkú inú Ádífẹ́ǹtì (àsìkò tó ṣáájú Kérésì), Lẹ́ǹtì (àsìkò ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde) àti àsìkò Àjíǹde.

Ọwọ́ rẹ ńkọ́? Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Fadá á wọ́n omi mímọ́ sí pósí, wọ́n á sì da aṣọ funfun bò ó, ní ìrántí aṣọ ìrìbọmi. Ẹbí lè tẹ́ aṣọ yẹn. Nígbà ti bàbá mi, èmi ni mo di etí rẹ̀ kan mú. Ọwọ́ mi gbọ̀n débi pé apá kan gùn ju èkejì lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rọra fà á, ó sì fàtẹ́lẹ́wọ́ tẹ́ ibi tó ká kò. Títí dòní, mi ò rántí ìwàásù ọjọ́ náà, aṣọ yẹn ni mo rántí. Ní kí wọ́n fún ọ ní etí kan mú. Fún ti Kòmúníọ̀n, lọ bá Fadá fún ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kó tó dọjọ́ náà. Bí o kò bá sì tíì ṣe tán, jókòó sí àyè rẹ, kí o gbàdúrà fún Màmá. Kò sẹ́ni tó máa lé ọ.

Lálẹ́ òní, má tíì sọ òfin kankan fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Jókòó tì í, kí o ní kó ka ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ọ létí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.