Ọmọ ọdún 3 lè sun inú àgọ́

Ẹ kú ilé o, Ìyá Ìbejì. Ẹ ní ṣé ọmọ ọdún 3 ò kéré jù láti lọ pàgọ́ sùn nínú họlidé yìí. Kò kéré, àmọ́ kò ní tètè sùn. Nígbà tí a kó àwọn tiwa lọ sí New Forest, igbó ńlá kan ní gúúsù England, ní ìparí oṣù keje, aago mẹ́sàn-án alẹ́ lù, ilẹ̀ ò tíì ṣú. Àbíkẹ́yìn wa ní, "Mọ́mì, ṣé ọ̀sán ò tíì parí ni?"

Àwọn ẹṣin ibẹ̀ kì í gbé inú ọgbà, ṣe ni wọ́n ń jẹ̀ kiri. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀kan ti ki orí bọ àpò oúnjẹ wa, ó ń jẹ búrẹ́dì tọ̀rá-tọ̀rá. Bàbá wọn ń lé e, òun náà ń wo Bàbá wọn. Ẹ ti oúnjẹ mọ́ inú ọkọ̀ o!

Òtútù òru ni kí ẹ múra fún. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì tẹ́ nǹkan tó nípọn sábẹ́ wọn, torí láti ilẹ̀ ló ti ń wọlé.

Ó ti pé ọdún 4 báyìí tí a lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ ò rántí òkun tí a ná owó ọkọ̀ dé. Ẹṣin tó jẹ búrẹ́dì ni wọ́n ṣì ń ròyìn fún àlejò.